Abẹ Ti Ṣe Tirẹ̀, Oúnjẹ Ló Kù

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, nígbà tí òtútù Johannesburg ń wọ ni léegun, mo jókòó sí Gandhi Square ní Marshalltown, mo ń bá ẹyin sísè kan jà. Ẹyin kan péré. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó jẹ ẹ́ tán. Bọ́ọ̀sì ń dé, bọ́ọ̀sì ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń rìn, wọn kò tilẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Èmi ń wo ọ̀fun wọn. Ẹ má rò pé ebi ló ń pa mí tí mo fi ń wò wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé ebi kò pa mí. Odidi oṣù mẹ́rin ni ebi kò fi pa mí, àfi bí ẹni pé wọ́n gé e dànù mọ́ jẹjẹrẹ náà.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, tí wọ́n yọ ọ̀nà ọ̀fun mi nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ìjọ wa níbí ṣe ìdúpẹ́. Màmá mi ní Ìbàdàn ní kí gbogbo àdúgbò wá bá òun yọ̀. Ẹni tó bá pè mí lórí fóònù, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ kú ewu o, ó ti parí." Èmi nìkan àti ìyàwó mi la mọ̀ pé kò tíì parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá gé ọ̀nà oúnjẹ ènìyàn, tí kò sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jẹun, kò tíì ṣe iṣẹ́ náà tán. Ìjọba tó bá sanwó abẹ, tí kò sanwó ìtọ́jú tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ó fi owó ará ìlú ṣòfò. Ẹbí tó bá sì ń fi ipá ti oúnjẹ bọ ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ìfẹ́ ló pe ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Àwọn mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ bá wí lónìí: ilé ìwòsàn, ìjọba, àti àwa fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara ènìyàn, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n á mú àpòlùkù, wọ́n á gé apá kan rẹ̀ kúrò títí yóò fi dà bí ọ̀pá gbọọrọ, wọ́n á fà á gòkè wọ inú àyà, wọ́n á sì rán an mọ́ ìwọ̀nba ọ̀nà ọ̀fun tó ṣẹ́ kù. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é títí di òní ni èyí tí Ivor Lewis, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Wales, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1946. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán, àpòlùkù tó jẹ́ àpò tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà tí oúnjẹ kàn ń gbà kọjá. Iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti inú, wọ́n ti gé e. Omi kíkan inú lè gòkè wá sí ọ̀fun lóru, nítorí náà ẹni náà kò gbọdọ̀ sùn gbalaja mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbé orí àti àyà sókè.

Èyí tó kàn mí jù ni ọ̀rọ̀ ebi. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ ará Japan rí èròjà kan tí wọ́n pè ní ghrelin. Òun ni ó máa ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó àkókò láti jẹun, àpòlùkù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Bí wọ́n bá gé àpòlùkù, tí wọ́n gé iṣan rẹ̀, èròjà yìí á dín kù, ebi á sì gbàgbé ilé ẹni náà. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló fà á, kì í ṣe àìgbàgbọ́, kì í sì í ṣe pé ọbẹ̀ ìyàwó kò dùn. Ẹni tí kò gbọ́ agogo ebi mọ́ gbọ́dọ̀ máa fi agogo ọwọ́ jẹun, bí ẹni tó ń lo oògùn. Nítorí ìdí yìí, kì í ṣe ohun àjèjì kí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Èmi wọn kìlógíráàmù 78 nígbà tí mo wọlé. Ní oṣù kẹrin, 63 ni mo wọ̀n. Ìyàwó mi dá ihò tuntun mẹ́ta sí bẹ́líìtì mi.

Kí ni ilé ìwòsàn fún mi láti fi dojú kọ gbogbo èyí? N kò ní dárúkọ wọn, nítorí n kò rò pé wọ́n burú ju àwọn yòókù lọ. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀, léraléra, kí n sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé báwo ni díẹ̀ ṣe kéré tó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, ara yín á sọ fún yín." Ara mi kò sọ nǹkan kan fún mi. Ara mi ti yadi.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ní 1913, ní New York, Franz Torek yọ ọ̀nà ọ̀fun obìnrin kan tó ní àrùn yìí. Lákòókò yẹn, wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe lè fa àpòlùkù gòkè láti fi rọ́pò ohun tí wọ́n yọ. Torek fi rọ́bà kan so ìyókù ọ̀fun rẹ̀ mọ́ àpòlùkù láti ìta ara, rọ́bà yẹn sì ni obìnrin náà fi ń jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rò ó wò. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí oníṣẹ́ abẹ yẹn ti mọ̀ pé ìbéèrè bí aláìsàn yóò ṣe máa jẹun wà lára iṣẹ́ òun. Kò yọ jẹjẹrẹ tán kó wá ní kí ìdílé obìnrin náà lọ fi ọgbọ́n orí wọn wá ìyókù. Ní 2019 pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tẹ ìlànà kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Ìmọ̀ràn nípa oúnjẹ kí abẹ tó dé, oúnjẹ tí a tètè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn abẹ, àti kí aláìsàn tètè dìde rìn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. A kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú nǹkan kan. Ṣíṣe ló kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ilé wa.

Àwa Yorùbá ní ohun kan tí a máa ń ṣe fún aláìsàn: ẹ̀kọ gbígbóná, ṣúgà ṣíbí mẹ́rin, mílíìkì. Tí a bá fẹ́ fi hàn pé a fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, a ó fi Milo àti ìgò Lucozade kún un. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo délé, báyìí ni gbogbo àlejò ṣe ṣe fún mi. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún wa ni pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, kò sí àpò tí yóò dá ohun aládùn dúró mọ́. Wìrì ló máa já wọ inú ìfun. Omi ara á sáré tẹ̀ lé e. Láàárín ìdajì wákàtí, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bo ènìyàn, inú á lọ́, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ara á máa gbọ̀n, ojú á ṣú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe mí, àwọn tó wà nílé bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n ń lé ẹ̀mí àìrí jáde. Ẹnìkan ní kí wọ́n tún pò Lucozade sí i fún mi kí n lè lágbára. Inú ọkàn rere ni gbogbo wọn ti ṣe é. Ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú mi gan-an ló ń dá mi wólẹ̀.

Òkèlè tún ni tiwa. Òkèlè kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lẹ́nu. Gbígbé la ń gbé e mì. Àwa la máa ń fi ọmọ tó bá ń rún iyán bí ẹran ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́ àpòlùkù kò lè gbé òkèlè mì. Gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rún un kúnná. Ojú rírán náà sì lè dún mọ́ra bí egbò rẹ̀ ṣe ń jinná, títí omi pàápàá yóò fi máa há. Àgbàlagbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì wá fún mi ní oṣù kejì. Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ṣé o kò rí bí o ṣe rù ni?" Báwo ni mo ṣe máa sọ fún bàbá pé n kò jẹ? Mo gbé òkèlè mẹ́rin mì nítorí ìtìjú. Ẹ̀karùn-ún há. Wákàtí méjì ni mo lò nínú ilé ìwẹ̀, tí ìyàwó mi ń di ẹ̀yìn mi mú, tí itọ́ ara mi kò lè kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn ní kí n dúró ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó lè bá mi fẹ ojú ọ̀nà náà. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lórí omi ọbẹ̀ ẹja àti mílíìkì lásán.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí tó bẹ́ẹ̀ nílé: àwo ńlá kì í ṣe ìfẹ́. Ojú àlejò ni ibi tó burú jù tí aláìsàn lè ti jẹun. Ẹ má jókòó tì í, ẹ má ka òkèlè rẹ̀, ẹ má sì sọ fún un lójoojúmọ́ pé ó rù. Ó mọ̀. Ó ní dígí nílé. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti wòlíì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pàṣẹ ààwẹ̀ ìdúpẹ́ fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí, pé kí ni ó kan ìjọba. Ìdí nìyí tí mo fi dárúkọ Marshalltown. Kì í ṣe ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ni. Orí iléeṣẹ́ Ẹ̀ka Ìlera ìpínlẹ̀ Gauteng wà ní 45 Commissioner Street, ní Marshalltown níbí, ìrìn díẹ̀ sí ibi tí mo ti ń bá ẹyin mi jà. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2023, ìpínlẹ̀ náà ya mílíọ̀nù 784 ráńdì sọ́tọ̀ kí wọ́n fi lè rí ìtọ́jú onítànṣán fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó ti tò pẹ́. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ni wọ́n ń sọ pé ó wà lórí ìtò náà. Ọdún méjì kọjá, wọn kò rí ìtọ́jú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ya owó náà sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ Cancer Alliance gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, àwọn agbẹjọ́rò SECTION27 ló ṣojú fún wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga sọ pé ohun tí ẹ̀ka náà ṣe kò bá òfin mu, ó sì lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Kí ni ẹ̀ka náà ṣe? Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìtànṣán ni ẹjọ́ yẹn dá lé, kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀nà ọ̀fun kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ní 2012, ìwádìí ńlá kan láti Netherlands tí wọ́n pè ní CROSS fi hàn pé àwọn tó gba oògùn kẹ́mò àti ìtànṣán kí wọ́n tó lọ sábẹ́ abẹ pẹ́ láyé ju àwọn tó lọ sábẹ́ abẹ nìkan. Nítorí náà, ẹni tó ń dúró de ìtànṣán ń dúró pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí lójoojúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹran tó ń há, ó di ìrẹsì, ó di ẹ̀kọ, ó di omi. Bí ó bá fi máa kan án, ara ti gbẹ, agbára láti fara da abẹ ti lọ. Ebi ti ń pa á kí abẹ tó dé. Ebi náà ni yóò tún pa á lẹ́yìn abẹ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú àkókò aláìsàn yìí, oúnjẹ rẹ̀ ló ń jí.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ka ìwé òfin South Africa ni pé àwọn tó kọ ọ́ ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 27 sọ pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìlera. Abala kan náà, ìlà tó tẹ̀ lé e, ló sọ pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ àti omi tó pọ̀ tó. Ìlera àti oúnjẹ jọ wà nínú abala kan, wọn kò jìnnà síra. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló yà wọ́n. Wọ́n fi ìkan sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ìyàwó ilé lọ máa wá èkejì.

Òótọ́ ni pé abala yẹn náà sọ pé ìjọba yóò ṣe é níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ibẹ̀ ni àwọn alátakò mi á ti dìde. Wọ́n á ní oníṣẹ́ abẹ kò tó, ẹ̀rọ ìtànṣán kò tó, ìwọ ń sọ̀rọ̀ onímọ̀ oúnjẹ. N kò rẹ́rìn-ín sí àríyànjiyàn yìí, nítorí mo ti rí bí àwọn dókítà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iṣẹ́ abẹ yìí máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó ń fẹ́ oníṣẹ́ abẹ, olùpaniníyè, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ẹ̀jẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ni yóò kọ́ ilé alájà mẹ́ta, tí yóò wá ní owó páànù ti wọ́n jù? Ẹni tó rù títí kò lè gba oògùn tó kù. Ẹni tí oúnjẹ ń há yóò padà wá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tí wọ́n ní kò tó. Òṣìṣẹ́ kan tó ń fi fóònù pe aláìsàn lọ́sẹ̀ méjì méjì, tó ń béèrè iye tó wọ̀n àti ohun tó há, kò náni tó ọjọ́ mẹ́ta ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ẹ kò sì gbọdọ̀ sọ fún mi pé owó kò sí ní Commissioner Street, nígbà tí ilé ẹjọ́ ti fi yé wa pé owó wà nílẹ̀ tí aláìsàn kò rí i jẹ.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tí àwa àjèjì ìlú yìí kì í fẹ́ sọ sókè. Ní 2025, ẹgbẹ́ bíi Operation Dudula ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kílíńíìkì ìjọba, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀, wọ́n ń dá ẹni tí wọ́n bá pè ní àjèjì padà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwa là ń jẹ oògùn wọn tán. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Johannesburg kà á léèwọ̀ fún wọn. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹjọ́ nìkan dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ fi àìsàn yìí gan-an dá wọn lóhùn.

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kò pọ̀ rárá ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìlà-oòrùn àti gúúsù ló fi ṣe ilé: láti Ethiopia, gba Kenya àti Malawi, wá sí Eastern Cape níbí. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa bó ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn ará Transkei. Wọ́n ka sìgá àti ọtí mọ́ ohun tó ń fà á. Ní 1988, àwọn onímọ̀ South Africa rí májèlé kan tí wọ́n pè ní fumonisin, èyí tí ìbu ara àgbàdo ń pọ̀n, wọ́n sì ti ń fura pé ó lọ́wọ́ sí i. Àwọn ará Transkei yìí kan náà ló ń fi ilé sílẹ̀ lọ wa góòlù ní àyíká Johannesburg, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń jẹ èrè rẹ̀ kọ́ ilé gogoro wọn sí Marshalltown, ní Main Street àti Hollard Street. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé òpó ibi ìwakùsà kan wá síbẹ̀ fún àwọn àlejò láti máa yà ní fọ́tò. Nínú yàrá tí mo ti gba ìtọ́jú, èmi nìkan ni ọmọ Nàìjíríà. Àwọn yòókù jẹ́ àwọn bàbá àti ìyá ará Eastern Cape. Ìwé kan náà tí wọ́n fún mi ni wọ́n fún wọn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹni tó ń sọ Xhosa. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń padà sí abúlé tí ilé ìwòsàn tó lè fẹ ojú ọ̀nà ọ̀fun kò sí nítòsí. Bí wọ́n bá lé mi jáde lónìí, oúnjẹ bàbá náà kò ní fi ṣíbí kan pọ̀ sí i. Ẹni tó jẹ ẹ́ níyà kọ́ ni èmi.

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí ní Ìbàdàn, ní Cotonou tàbí ní Accra lè sọ pé níwọ̀n bí àrùn náà kò ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò kàn wá. Ó kàn yín. Ìdílé mélòó ló wà nílẹ̀ wa tí ọmọ kékeré ti gbé sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ mu, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jó, tí wọ́n wá ní láti fi apá kan ìfun rẹ̀ ṣe ọ̀nà ọ̀fun míì fún un? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti tún jíjẹ kọ́. Ní ilé wa, ẹbí ló ń gbé abọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹbí ló ń sanwó àpò ara rẹ̀, ẹbí náà ló sì ń méfò ohun tó yẹ kó wà nínú abọ́. Ohun tí mo ń bínú sí ní Johannesburg, bí mo bá délé, n ó tún bá a níbẹ̀, àfi pé nílé kò sí ìwé kan ṣoṣo yẹn pàápàá.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Mo fẹ́ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan rí onímọ̀ oúnjẹ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ọjọ́ tó ń lọ sílé. Mo fẹ́ kí wọ́n má yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fún ènìyàn lóúnjẹ gba inú ìfun kí ó tó dájú pé ẹnu rẹ̀ lè dá a bọ́, kí wọ́n sì kọ́ ẹni tó wà nílé bí yóò ṣe máa lò ó. Mo fẹ́ kí wọ́n wọn aláìsàn lọ́sẹ̀ méjì méjì ní kílíńíìkì tó sún mọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ bá ń há, kí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n kọ ìwé ìtọ́sọ́nà ní èdè tí ẹni náà gbọ́, kí wọ́n sì dárúkọ oúnjẹ tí ó mọ̀: pápù, wàrà kíkan, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ adìyẹ fún ará ibí, mọ́ínmọ́ín, ẹja sísè, ẹyin àti ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà fún tiwa. Ìwé tó ní kí n máa jẹ yogurt àti avocado kò bá màmá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹbí, ohun tí mo ń fẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje lóòjọ́. Ẹja tàbí ẹyin kí ó ṣáájú, nǹkan onísítáàṣì kí ó tẹ̀ lé e. Omi kí ó dúró, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Kí aláìsàn jókòó nàró, kí ó má dùbúlẹ̀ bó ṣe jẹun tán. Kí ẹnìkan bá a rìn dé òpin àdúgbò lójoojúmọ́, nítorí oúnjẹ tí ara kò fi ṣiṣẹ́ kì í di agbára. Kí ẹ sì ní sùúrù. Ó lè tó ọdún kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Èmi fúnra mi ti ń gòkè bọ̀. Ìyàwó mi ló kọ́ ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn kọ́ wa. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ohun tí mo bá jẹ, aago tí mo jẹ ẹ́, àti ohun tí ara mi ṣe. Láti inú ìwé yẹn la ti mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín kì í bá mi jà, pé ìrẹsì gbọ́dọ̀ rọ̀, pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò sí fún mi mọ́. Mo wọn 67 báyìí. Mo ti ń rìn láti Gandhi Square dé ibi iṣẹ́ láìdúró. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dá ìwé yẹn sílẹ̀ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó sanwó fún un. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó lè ṣe é. Bàbá ará Eastern Cape tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò níyàwó mọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣọ́ ọ̀nà ní ilé ìtajà kan lóru. Mo pe nọ́ńbà tó fún mi ní oṣù tó kọjá. Ọmọ náà ló gbé e. Ó ní iṣẹ́ abẹ bàbá òun jinná dáadáa, kò sí ohun tó ṣe ojú egbò. Ó ní wọ́n kàn sin ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí kò jẹun.